Yàrá Ogún Lórí Omi

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Àtàndá,
Ìkòsí, Kétu, Lagos.
6 Oṣù Kẹta, 2004.

Muideen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé omi ò tíì gbé yín lọ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Nimat àbúrò rẹ kí ọ, ó ní kí n béèrè bàtà tí o ṣèlérí fún òun láti ọdún tó kọjá. Mo ti béèrè. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ.

Mo rí lẹ́tà rẹ ti oṣù Kìíní gbà. Ojú ewé kan ààbọ̀. Ọdún mẹ́rin lo ti wà lórí òkun, ojú ewé kan ààbọ̀ lo rí kọ sí ìyá rẹ tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àròkọ. O ò tún fi àmì ohùn sí i. "Oko" lo kọ níbi tó yẹ kí o kọ "ọkọ̀", mo wá ń rò ó pé ṣé iṣẹ́ àgbẹ̀ lo lọ ṣe.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Charles tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ọmọ Ọ̀jọ́tà yẹn, wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbé ọṣẹ àti tíì tí o fi rán an wá. Mo fún un ní ìrẹsì, ó jẹ àwo méjì. Bó ṣe ń nu ẹnu ló ní, "Mama, ẹ̀yin nìkan lẹ kù o. Ìyá tèmi ti wá gbafẹ́ nínú ọkọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, wọ́n máa ń fún òbí rẹ̀ kan ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ kan. Tí oṣù Kẹjọ bá fi lè wọlé, ti Muideen á di òfo."

Mo rẹ́rìn-ín fún Charles bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó jókòó. Ìyá Charles, tó máa ń dijú tó bá gun ọ̀kadà láti Ọ̀jọ́tà dé Kétu, òun ló ti gun òkun.

Ìwọ lo kọ̀wé sí mi pé yàrá ogún ló wà lábẹ́ rẹ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo sì ti sọ fún wọn ní ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Alága wa, Alàgbà Ọlánípẹ̀kun, tó kọ́ yàrá méjìlá tí ìyangàn rẹ̀ ò jẹ́ ká gbádùn mọ́ ládùúgbò, mo sọ fún un pé ogún ni ti ọmọ mi, pé òkun ni àgbàlá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Ẹni tó ní yàrá ogún, ṣé kò rí ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ ni? Àlàyé ni mò ń retí. Má tún fi ọṣẹ ránṣẹ́, ọṣẹ ṣì wà nílé.

Ìyá rẹ,
Tishà.


Southampton,
11 Oṣù Kẹrin, 2004.

Mọ́mì mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Nimat. Bàtà rẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni lẹ́tà yín fi dúró dè mí ní Southampton níbí, torí ibí ni ọkọ̀ wa ń padà sí, a ò sì tètè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àmì ohùn.

Òótọ́ ni Charles sọ. Mo gbọ́ nípa tíkẹ́ẹ̀tì náà, àánú yín ló ṣe mí tí mi ò fi sọ. Mọ́mì, ọkọ̀ yìí kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ fún ẹni tó ti rẹ̀. Ó máa ń mì. Tí ìgbì bá dé, àwọn èrò á máa bì, tibí á gbè é fún tọ̀hún bí ẹlẹ́gbẹ́ akọrin. Yàrá tí wọ́n ń fún ẹbí òṣìṣẹ́ kò tó kíṣìnnì wa, kò sì ní fèrèsé. Oúnjẹ wọn kò ní ata. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n máa sè lásán, wọ́n á wá fún un lórúkọ Faransé. Alẹ́ méjì wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ńlá kó tó jẹun. Àwọn tẹ́ ẹ máa jókòó tì, òyìnbó arúgbó ni wọ́n, wọ́n á bi yín bóyá kìnnìún ń kọjá ní àdúgbò yín.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú wá kí yín fúnra mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyẹn ló dáa jù.

Ọmọ yín,
Muideen.


Ìkòsí, Kétu.
2 Oṣù Karùn-ún, 2004.

Muideen,

Mo kí ọ. Ìkíni náà mọ báyẹn.

"Lọ́dún tó ń bọ̀" lo kọ ní 2001. Òun lo kọ ní 2002. Ní 2003 o tún un kọ, o sì fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ tìrẹ yìí, ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?

O ní ọkọ̀ ń mì. Agbóyì, láàárín omi, ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ ẹsẹ̀ rìn dáadáa ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi dànù. Ọkọ̀ tí igi rẹ̀ ti jẹrà, tí èèyàn mẹ́tàdínlógún àti ewúrẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, mo dúró nínú rẹ̀ lọ sílé ìwé, bàtà mi ò sì tutù. Ṣé ọkọ̀ tó ní sinimá nínú ló máa wá mú mi bì?

Yàrá kékeré? Yàrá kan ṣoṣo ni mo ti bí ìwọ àti Nimat ní Mile 12, bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jìn ín, tún gba àbúrò rẹ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni, wọ́n lo ọdún mẹ́fà. Ata? Mo ti lọ ata gbígbẹ sínú agolo. Aṣọ ńlá? Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Tí òyìnbó bá bi mí nípa kìnnìún, mo máa sọ pé ó wà, pé òun ni alága wa.

Mo ti lọ gba físà. Obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní mo fẹ́ lọ wo omi. Ó ní ṣé kò sí omi ní Lagos ni. Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò sí lórí rẹ̀. Ó ní kí n padà wá gba páàsípọ́ọ̀tù mi.

Lèmọ́mù wa ní tí mo bá wọ ọkọ̀ kí n máa ka àdúrà Ànábì Nuhu. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti Nuhu pẹ́ lórí omi, èmi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ keje. Wọ́n ní kí n ṣáà kà á.

Charles ti bá mi kọ fọ́ọ̀mù kó tó padà, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje la mú. Ìbuwọ́lùwé rẹ nìkan ló kù. Tí o kò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, etí omi ni wàá ti rí mi.

Ìbéèrè kan: èèyàn ẹgbẹ̀rún méjì nínú ọkọ̀ kan, níbo ni ìgbẹ́ wọn ń gbà lọ? Àbí ibẹ̀ náà lẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́?

Ìyá rẹ.


Southampton,
30 Oṣù Karùn-ún, 2004.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ìdúró. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé. Mo ti túúbá.

Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa á wá gbé yín ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á kọ orúkọ yín sí pálí. Tẹ́ ẹ bá dé etí omi, wọ́n á gba báàgì ńlá yín lọ, kò sì ní dé yàrá títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ẹ kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, páàsípọ́ọ̀tù àti ìró kan sínú báàgì ọwọ́. Ìyá Charles kò mọ̀, aṣọ tó wọ̀ láti Ọ̀jọ́tà ló fi jẹun alẹ́. Wọ́n á fún yín ní káàdì kékeré kan. Òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ yín tẹ́ ẹ bá ń jáde tẹ́ ẹ bá ń wọlé. Ẹ gbé e kọ́rùn.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, fèrè ńlá kan máa dún lẹ́ẹ̀méje. Kò sẹ́ni tó ń kú o. Wọ́n kàn fẹ́ kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, àti ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Kálímà sókè.

Oúnjẹ wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ má bu àwo kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní tán. Tí orí bá ń yí yín, bó ti wù kẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Agbóyì tó, ẹ jáde síta, ẹ wo ọ̀kánkán níbi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run, kẹ́ ẹ sì jẹ atalẹ̀. Scotland la máa yí ká, kò sí ìlú tó máa béèrè físà míì. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, ẹ wo aago, ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń ná ọjà. Ti ìgbẹ́, ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń sẹ́ ẹ. Ẹ má béèrè rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Mọ́mì, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ya lẹ́tà yìí nítorí rẹ̀.

Yàrá ogún yẹn, èmi ni mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀. Èmi ni mò ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mo ń kó aṣọ ìnura tó tutù, tí mo ń yọ irun nínú ihò omi. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọdún mẹ́rin. Mi ò parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ kọ̀wé lọ́dún àkọ́kọ́ pé ẹ ti ròyìn mi fún àwọn lánlọ́ọ̀dù, mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló wá di irọ́. Òun ni kò jẹ́ kí n lè wálé. Mo máa ń ro bí wọ́n ṣe máa wá kí lánlọ́ọ̀dù, tí màá jókòó sí àárín wọn.

Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá, ẹ ó máa rí mi pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá pinnu pé ẹ ò wá mọ́, ó máa yé mi.

Muideen.


Southampton,
27 Oṣù Kẹfà, 2004.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà mi ti oṣù tó kọjá, ṣé ó dé? Mo pe fóònù Nimat lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní ẹ ní kí òun sọ pé ẹ ń sùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Mo pè ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ tún ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n máa retí yín.

Muideen.


Nínú ọkọ̀, lábẹ́ ìrọ̀rí.
Àìkú, 18 Oṣù Keje.

Muideen,

Ìwọ lo ní ẹ ò gbọdọ̀ jókòó ti èrò, o sì ń sáré kiri bí ẹni tí ajá ń lé. Lẹ́tà náà la óò máa kọ nìyẹn. Mo ti mú bírò méjì wá.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á tán, inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Kì í ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló bí mi nínú. Ta ló bí ọ tó kà á sí ìtìjú? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi nu imú ọmọ ọlọ́mọ, ìgbà míì ìdí wọn. Ohun tó bí mi nínú ni pé o wo ojú èmi ìyá rẹ láti orí òkun, o wá rò pé n óò fẹ́ràn yàrá jù ọ́ lọ. Mi ò fèsì torí mo fẹ́ kí o jẹ ìyà rẹ̀ díẹ̀. O jẹ ẹ́?

Lánàá tí o ṣí ilẹ̀kùn yìí tí mo rí ọ, tí a dì mọ́ra, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò kalẹ̀ láti Kétu ló fò lọ. O ti rù. Àwọn egungun èjìká rẹ gún mi lọ́mú. O ní o bẹ ẹni tó ń tọ́jú àwọn yàrá ọ̀nà yìí kí ẹ ṣe pààrọ̀, kí yàrá mi lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́. O ṣeun.

Mo wọ ẹ̀wù olómi ọsàn yẹn. Kí wọ́n tó fún wa lóúnjẹ, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe máa sá. Obìnrin tó dúró tì mí wà lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá òun rèé. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní ilé òun dákẹ́ jù.

Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì ti fọ balùwẹ̀. Tí o bá dé yàrá yìí, jókòó kí o sinmi.

Ìyá rẹ.


Lórí dígí.
Ajé, 19 Oṣù Keje.

Mọ́mì mi,

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ìyà náà tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin, ará Poland, máa ń ṣàyẹ̀wò yàrá nígbàkúùgbà. Tó bá rí i pé èrò ló ń ṣiṣẹ́ mi, ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n máa fún mi. Mi ò sì lè jókòó, mà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lé ọmọ Íńdíà kan torí ó jókòó.

Ṣé ẹ jẹun? Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ní ẹ fi ata kún ọbẹ̀ gbogbo àwọn tó wà ní tábìlì yín.

Muideen.


Lábẹ́ ìrọ̀rí.
Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Keje.

Muideen,

Wọ́n bẹ̀ mí ni. Baba kan tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sunkún, ó ní òun ò tíì gbọ́ adùn oúnjẹ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú. Lónìí wọ́n ti ń tò dúró de agolo mi.

Ọkọ̀ mì lóru àná. Mo bì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Agbóyì.

Ti bẹ́ẹ̀dì, mi ò gbọ́. Láti ìgbà tí o ti ń tọ̀ sí i ni mo ti ń tẹ́ ẹ, ọ̀gá ará Poland kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Mi ò lè wọkọ̀ wá láti Kétu kí ọmọ mi wá máa fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí mo yàgbẹ́ sí. Ohun kan wà tí ojú ìyá kì í lè wò.

Ìyá rẹ.


Lórí dígí.
Ọjọ́rú, 21 Oṣù Keje.

Mọ́mì,

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀gá wa ṣe wọlé láàárọ̀ yìí, orí ìkúnlẹ̀ ló bá yín nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, èmi sì dúró, mò ń bẹ̀ yín. Ó ti fún mi ní kúẹ̀rì. Lọ́la ni mo máa jẹ́jọ́. Tí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, ìlú tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ni wọ́n máa já mi sí, wọ́n á sì fi mí ránṣẹ́ sílé.

Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ń gbà lọ́wọ́ mi, ẹ ti fẹ́ gbà á tán pátápátá.

Muideen.


Lábẹ́ ìrọ̀rí.
Ẹtì, 23 Oṣù Keje.

Muideen Àkànní ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ibi tí ẹjọ́ parí sí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, kó má di pé Charles ló máa fi iyọ̀ sí i.

Láàárọ̀ àná, mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé, mo wé gèlè, mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ. Mo ní, "Madam, èmi ni mo ṣẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀ mí, mi ò gbọ́. Tishà ni mí, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ni mo fi gbogbo ayé mi wá àṣìṣe sí. Mo wá a nínú ti ọmọ yìí, mi ò rí i, ni mo bá fọwọ́ ara mi bà á jẹ́." Ó ní kí n jókòó. Ó ní ìyá òun wà ní abúlé kan ní Poland, pé ìgbàkígbà tí òun bá lọ sílé, ìyá òun kì í jẹ́ kí òun fọ ife. Ó fa kúẹ̀rì náà ya. Ó ní àdéhùn kan ló wà o: kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sórí àga láàárọ̀ òní tí mò ń wò ọ́. O rò pé ìwé ìròyìn ni mò ń kà, mo dorí rẹ̀ kodò, o ò tiẹ̀ rí i. Muideen, mi ò mọ̀ pé báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí o ṣe ju ṣíìtì sókè tó balẹ̀ láìhunjọ rárá, bí o ṣe ká igun rẹ̀ bí ẹni ń ká àpò ìwé lẹ́tà, bí o ṣe ń kọrin lábẹ́ ẹnu tí o ń nu dígí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Nígbà tí o jáde, mo fi ìka nu orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi nu ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdọ̀tí.

Ojú mi lè wò ó. Mo ti wò ó. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo fún ọ. Ìkan tí mo yọ, ti irun orí rẹ ni.

Lọ́la la máa gúnlẹ̀. Má sunkún níwájú èrò. Tí o bá máa sunkún, balùwẹ̀ wà, ìwọ náà lo fọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ.


Southampton,
15 Oṣù Kẹjọ, 2004.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú àtidélé. Mi ò sunkún. Charles ló sunkún, ó ní alùbọ́sà ni.

Baba tó jẹ ata yẹn kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ wa, ó ń béèrè orúkọ ọbẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n kí yín.

Mo ti gba ìsinmi oṣù kan. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ni mo máa wọlé. Mo ti san tíkẹ́ẹ̀tì, ó wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ti lọ́dún tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn èèyàn, ẹ sọ fún mi kí n tó dé.

Ọmọ yín,
Muideen.


Ìkòsí, Kétu.
12 Oṣù Kẹsàn-án, 2004.

Àkànní,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Àmì ohùn rẹ ti ń gún díẹ̀díẹ̀.

O ò ní nǹkan kan láti sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ti bá ọ sọ ọ́. Mo dìde ní ìpàdé, mo ní ọmọ mi kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n tẹ́ ju bí gbogbo yín ṣe mọlé kọ́ lọ. Ọlánípẹ̀kun wúkọ́, ó wá bi mí bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn. Wọ́n fò lọ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà.

Nimat ní bàtà tí o fi rán mi yẹn fún òun lẹ́sẹ̀, kí o mú èyí tó tóbi díẹ̀ bọ̀. Má ra nǹkan míì. Èmi náà máa wá sí pápákọ̀ òfuurufú.

Mo mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ wá kí ọ lọ́jọ́ tí o bá dé. Mo ti ní kí wọ́n má yọjú. Wàá kọ́kọ́ jẹun, wàá wẹ̀, wàá sì sùn nínú yàrá iwájú, títí di ọ̀sán tó bá wù ọ́. Mo máa jókòó síta, níwájú ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa kàn án.

Ìyá rẹ,
Ajarat.